Àwọn Ojú Ìwé Tí Mo Fi Láfún Lẹ̀ Pọ̀

Ifangni, ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta

Dúróoríkẹ́, ọmọ mi, ọmọ tí mo bí tí mo sì fi pamọ́,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọjọ́ Ajé. Awakọ̀ tó gbé e wá láti Àjàṣẹ́ ká a sí méjì, ó fi í sábẹ́ ìjókòó rẹ̀, epo pupa sì ti wọ igun rẹ̀ kan. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kínní, mo sunkún. Lẹ́ẹ̀kejì, inú bí mi. Lẹ́ẹ̀kẹta ni mo wá rí i pé èmi gan-an ni mo kọ lẹ́tà yẹn, ìwọ kàn bá mi di bíìkì mú ni.

O mọ̀ pé mo máa ń kọ nǹkan sínú ìwé àkọsílẹ̀ mi kí n tó sùn. Eléyìí, mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀sán kọ ọ́, fèrèsé ṣí sílẹ̀, àwọn ọmọ aládùúgbò ń pariwo níta. Mo ti ṣàkíyèsí pé ohun tí mo bá kọ lálẹ́ máa ń káàánú mi jù. Ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ lónìí kò fẹ́ àánú.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ rẹ sọ fún ọ, kí o lè gbọ́ bó ṣe ń dún létí ẹlòmíràn. O ní ó ti pé oṣù kan àti ọ̀sẹ̀ kan tí o ti wà ní abúlé tí wọ́n rán ọ lọ ṣe olùkọ́ nítòsí Kándì. O ní kànga jìnnà, okùn bó ọ lọ́wọ́, garawa já bọ́ sínú rẹ̀, àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ sì fi èdè tí o kò gbọ́ rẹ́rìn-ín. O ní igi kì í ràn fún ọ, pé búrẹ́dì àti sàdíìnì ni o ń jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́. O ní àwọn ọmọ kíláàsì rẹ ń wò ọ́ bí ìgbà tí èèyàn ń wo òyìnbó. Lẹ́yìn náà ni o wá kọ ohun tó gún mi:

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá Màjọ̀ sọ̀rọ̀ kó kọ sẹ̀tìfíkà fún mi, bó ṣe máa ń kọ ọ́ nígbà tí mo wà ní kékeré. Ó mọ àìsàn mi. Bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ kí oṣù yìí tó parí, wọ́n á gbé mi padà wá sí Daagbé tàbí Lagbé, màá sì máa ti ọ̀dọ̀ yín lọ ibi iṣẹ́."

O wá fi ọ̀rọ̀ tí ìjọba ní kí gbogbo lẹ́tà bíróò fi parí kádìí rẹ̀: "Mo ti gbára dì fún Ìyípadà! Ìjà ń bá a lọ!" Ọmọ mi, o ti gbára dì fún Ìyípadà, o kò sì tíì gbára dì fún kànga.

Má bínú. Mi ò fi ọ́ ṣẹ̀sín. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. "Ó mọ àìsàn mi," ni o wí. Dúró, àìsàn wo? Jẹ́ kí n sọ ọ́ gbangba kí a lè kúrò níbẹ̀: kò sí nǹkan kan tó ṣe àyà rẹ rí. Àyà rẹ le bí àyà ẹṣin. Irọ́ ni mo pa, Màjọ̀, olórí àwọn nọ́ọ̀sì wa, sì bá mi fi òǹtẹ̀ lù ú. Mo pa á pẹ́ títí ìwọ alára fi ń wúkọ́ bí o bá ti rí ọkọ́.

Àwọn òbí tó gbọ́n máa ń to ìmọ̀ràn wọn ní nọ́ńbà. Èmi náà á gbìyànjú rẹ̀. Bí nọ́ńbà bá sọnù mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́nà, olùkọ́ ni ọ́, bá mi wá a.

Ẹ̀kínní: má ṣe fi ìbẹ̀rù ọjọ́ kan ṣe òfin ogún ọdún.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà tí mo lọ sí Àjàṣẹ́ láti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Mi ò tíì sùn níbòmíràn rí, àfi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi ní Lagbé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, mo sá wálé. Mo ní inú ń run mí. Ìyá Lagbé ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí mo dé. Kò dìde.

"Inú ló ń run ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Inú tó ń run èèyàn tó sì lè rìn láti Àjàṣẹ́ dé Lagbé, inú líle ni. Jókòó. Mú ọ̀bẹ."

A jọ bó ẹ̀gẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó fún mi lóúnjẹ, ó bu omi gbígbóná fún mi wẹ̀, mo sì rò pé mo ti borí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé àpò gaàrí lé mi lórí, ó mú mi dé ojú títì, ó dá ọkọ̀ dúró, ó sì sọ fún awakọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí n sọ̀ kó tó dé Àjàṣẹ́. Ó wá yí ẹ̀yìn padà. Kò juwọ́. Mo ń pè é láti ojú fèrèsé ọkọ̀, "Ìyá! Ìyá!" Kò wẹ̀yìn. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ àti aṣọ tó ró mọ́dìí títí ọkọ̀ fi yà.

Mo gbé ẹ̀yìn yẹn sínú bí ẹni gbé egungun ẹja mì. Mo búra pé bí mo bá bímọ, ọmọ mi kò ní rí ẹ̀yìn mi láéláé. Àṣìṣe ìgbà èwe mi nìyẹn, òun ló sì bí gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e. Mo ka ẹ̀yìn ìyá mi bí ìgbà tí ọmọ iléèwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ábídí ń kàwé: mo pe lẹ́tà, mi ò mọ ìtumọ̀.

Nígbà tí mo fi máa bí ọ, mo ti sin ọmọ méjì. Bàbá rẹ ló sọ ọ́ ní Dúróoríkẹ́, dúró kí o rí ìkẹ́. Ọdún kẹta lẹ́yìn rẹ̀, òun tó pàṣẹ ìdúró ni kò dúró. Ó ní ọ̀rọ̀ kò ṣe é sọ jáde mọ́ ní ìlú yìí, pé òun fẹ́ kọjá ààlà lọ bá àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ òun, òun á sì ránṣẹ́ sí wa. Lẹ́tà méjì ló wá, ẹ̀kẹta kò wá. Ìdajì Ifangni ló ń kọjá ààlà yẹn láàárọ̀ lọ ra epo òyìnbó àti ṣúgà, wọ́n á sì padà kí oòrùn tó wọ̀. Tèmi nìkan ni kò padà. Láti ìgbà náà, gbogbo ọ̀nà tó jáde kúrò nílùú yìí, bí ẹni ń wo olè ni mo ṣe ń wò ó. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń bá ìyá wọn lọ sọ́jà ààlà láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ìwọ, o kò dé ibẹ̀ títí o fi gba ìwé ẹ̀rí.

Ẹ̀kejì ni ọ̀rọ̀ ìwé aláwọ̀ búlúù.

Ó dá mi lójú pé o rántí rẹ̀. Nígbà tí ìjọba gba ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ìjọ, wọ́n ní kí a kó àwọn ìwé àtijọ́ dànù, pé ẹ̀kọ́ amúnisìn ló kún inú wọn. Mo fi ọ̀kan sábẹ́ ewébẹ̀ nínú agbọ̀n mi, mo gbé e wálé. Ìwé ìtàn àwọn ọmọdé ni, ní èdè Faransé, mo sì máa ń fi Yorùbá kà á fún ọ lórí ẹní lẹ́yìn tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. A sọ ọmọbìnrin inú rẹ̀ ní Àṣàkẹ́, nítorí orúkọ tó ń jẹ́ gan-an le lẹ́nu rẹ.

Ọmọ òrukàn ni Àṣàkẹ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló ń tọ́ ọ, atukọ̀ sì ni obìnrin náà, ó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé èrò sọdá odò ńlá kan. Etí odò ni ọmọ yìí ń gbé, kò sì gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ kan omi. Nígbà tó ń kọ́ ìrìn, wọ́n so okùn mọ́ ọn nídìí kó má baà jìnnà sí ilé. Nígbà tó dàgbà díẹ̀, wọ́n tú okùn náà, ṣùgbọ́n ibi tí okùn máa ń dá a dúró sí tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì ń dúró sí. O rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á dé ibẹ̀. O ní, "Màmá, ọmọ yìí gọ̀ o!"

Èmi máa ń ka ìwé tán kí n tó kà á fún ọ, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò kó tó fún ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ pé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ìyá náà máa rọ́, pé àwọn èrò á máa pariwo lódìkejì odò, àti pé Àṣàkẹ́ á mú àjẹ̀. Ọkọ̀ yí po lábẹ́ rẹ̀ bí ajá tó ń lé ìrù ara rẹ̀. Àwọn èrò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Omi gbé e lọ sí ibi tí kò fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ó gúnlẹ̀. Kò sì fi mọ síbẹ̀, ó tún sọdá lọ́jọ́ kejì, ó tún sọdá lọ́jọ́ kẹta. Ní ìparí ìwé, ó ti di wúńdíá, ó wa ọkọ̀ tirẹ̀ bá odò lọ sí ìlú tí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí rẹ̀ kò dé rí, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ sì dúró ní èbúté.

Mo kà á dé ibẹ̀, àyà mi já. Lọ́jọ́ kejì, mo ro láfún díẹ̀ lórí iná, mo fi lẹ àwọn ojú ìwé náà pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ibi tó ti mú àjẹ̀ títí dé òpin. Mo gbé òkúta lé e títí ó fi gbẹ. Mo wá fún ọ ní ìparí tèmi: Àṣàkẹ́ fọwọ́ kan àjẹ̀, omi bínú, ibà mú un, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ pọ̀n ọ́n wálé, wọ́n jọ mu ògì gbígbóná. Ó tán.

O gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, o fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn rẹ̀.

"Màmá, kí ló dé tí ibí yìí fi ki báyìí?"

"Bí wọ́n ṣe ń di ìwé nìyẹn."

"Wọn ò kọ nǹkan kan síbẹ̀?"

"Wọn ò kọ nǹkan kan."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Dúró, mo ní wọn ò kọ nǹkan kan!"

O gbà. Gbígbà tí o gbà yẹn ló dùn mí jù lónìí. Ìbá sàn kí o bá mi jà, kí o fi ọ̀bẹ là á lẹ́yìn mi. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọ́, o mọ̀wé kà, ìwé wà lọ́wọ́ rẹ, o sì gba ẹnu mi gbọ́ ju ìka rẹ lọ.

Nítorí náà, gbọ́: ẹnikẹ́ni tó bá ń ka ayé fún ọ, ì báà jẹ́ ìjọba, ì báà jẹ́ pásítọ̀, ì báà jẹ́ ọkọ tí o máa fẹ́ lọ́la, gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí o fi ojú ara rẹ wo ìparí. Orí mi ni kí o ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ oko. Mo ti ń sá fún un láti àárọ̀.

Ọdún tí wọ́n ní kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ dá oko, wọ́n ní ọmọ kì í ṣe ti òbí mọ́, ti orílẹ̀-èdè ni. Mo kórìíra ọ̀rọ̀ yẹn dé inú egungun. Mo ti kàwé ju kí n gbà pé ìjọba lè jẹ́ ìyá. Àmọ́ wo bí mo ṣe dá wọn lóhùn: wọ́n ní tàwọn ni ọ́, mo ní tèmi ni ọ́. A ń fà ọ́ síwá, a ń fà ọ́ sẹ́yìn, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tó bi ọ́ pé, "Dúró, ti ta ni ọ́?"

Mo lọ bá Màjọ̀. Ó kọ ọ́ pé àyà rẹ kò lágbára, pé o kò gbọ́dọ̀ di ọkọ́ mú. Láti ìgbà náà, abẹ́ igi máńgòrò ni o ń jókòó sí lọ́jọ́ oko, tí o ń ṣọ́ bàtà àti àpò àwọn yòókù. Ìyábọ̀, ọmọ ìyá tó ń fún epo pupa lẹ́yìn ilé wa, ni wọ́n fi ebè tìrẹ kún tirẹ̀. Nígbà yẹn, kámáràádì ni gbogbo èèyàn ń pe ara wọn, àtolùkọ́ àtọmọ iléèwé. Ìyábọ̀ ló sọ ọ́ ní Kámáràádì Ẹyin.

"Ẹ rọra kọjá o! Kámáràádì Ẹyin wà níbẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó fọ́!"

Ó dé ọjọ́ kan tí o wálé, inú àtẹ́lẹwọ́ rẹ méjèèjì ti bó. O ń rẹ́rìn-ín. Mi ò rí irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu rẹ kó tó di ọjọ́ náà, mi ò sì rí i mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. "Màmá, mo kọ ebè mẹ́ta! Ìyábọ̀ ló yá mi ní ọkọ́. Ó ní ìkejì wọ́, ṣùgbọ́n ìkẹta tọ́!" Kí ni mo ṣe? Mo fà ọ́ lọ sọ́dọ̀ Màjọ̀ kó di ọwọ́ rẹ, mo sì lọ pariwo lé ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ lórí níwájú gbogbo olùkọ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, o ti padà sábẹ́ igi máńgòrò.

Nígbà tí àgbàdo gbó, wọ́n sun ún jẹ lóko. Ìyábọ̀ mú ọmọ àgbàdo kan wá fún ọ, ó ní, "Gbà, Kámáràádì Ẹyin. Ebè mẹ́ta rẹ ló so ó." O kò jẹ ẹ́. O fi ewé wé e, o gbé e wálé, o dúró lẹ́nu ọ̀nà, o bi mí bóyá o lè jẹ ẹ́.

Mo ní ó ti tutù, pé á run ọ́ nínú. Mo jù ú fún adìẹ.

Lánàá, mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ mi wo ohun tí mo kọ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó wà níbẹ̀, ọwọ́ mi ló kọ ọ́: "Dúró ti ń gbọ́n. Kò bá mi jiyàn mọ́, kò sì béèrè ohunkóhun."

Ìwọ náà ti ní kíláàsì báyìí. Bí o bá rí ọmọ kan tó dá jókòó sábẹ́ igi, má kọ́kọ́ bi í pé kí ló ń ṣe é. Béèrè ẹni tó fi í síbẹ̀.

Nọ́ńbà ti sọnù mọ́ mi lọ́wọ́. Jẹ́ kí n máa sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì tí lẹ́tà rẹ dé, mo lọ bá Màjọ̀. Mi ò fẹ́ parọ́ fún ọ mọ́: ayọ̀ ni mo gbé lọ. Mo ti nu bẹ́ẹ̀dì rẹ, mo ti sá tìmùtìmù sóòrùn. Màjọ̀ ti hu ewú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ̀ kò darúgbó.

"Tíṣà! Bọ́ọ̀n, ó dáa, ẹ jókòó. Ọmọ wa tún ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ó fẹ́ wálé."

"Èwo ni ká fún un lọ́tẹ̀ yìí? Àyà ni àbí inú?"

"Èyí tí wọn ò ní jiyàn lé lórí ní bíróò ni kí ẹ fún un."

"Àyà náà ni. Àyà ló dára jù, Tíṣà. Wọn ò rí i, wọn ò lè sọ pé kò sí níbẹ̀. Bí Ọlọ́run." Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́, ó lu òǹtẹ̀ gbàà! "Voilà, òun nìyẹn. Ẹ bá mi kí i. Ẹ sọ fún un pé òun ló pẹ́ jù nínú gbogbo aláìsàn mi, kò sì ṣàìsàn rí."

Mo fi ìwé náà sínú báàgì mi. Lójú ọ̀nà ilé, mo gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn mi. Ìyábọ̀ ni. Gálọ́ọ̀nù epo òyìnbó mẹ́rin ló dì sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ọmọ kan wà lẹ́yìn rẹ̀, òógùn bò ó. Láti ìkọjá ààlà ló ti ń bọ̀.

"Tíṣà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta! Kámáràádì wa ńkọ́?"

"Ó wà lókè lọ́hùn-ún, ní ìhà Kándì. Ó ń ṣe olùkọ́."

"Ẹ wò ó! Kámáràádì Ẹyin! Ṣé ó ti fọ́?"

Mo ní kò tíì fọ́, pé ó fẹ́ padà wálé. Mi ò mọ ohun tó mú mi sọ ọ́ fún un. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, ó wò mí. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Tíṣà, ẹ má bínú sí mi o. Àwa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ìyá mi ń sin adìẹ. Ẹyin tí kò bá fọ́ títí ọjọ́ rẹ̀ fi kọjá, wọn kì í pè é ní ẹyin mọ́. Ọ̀bu ni." Ó tún gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Ẹ bá mi kí i. Ẹ sọ fún un pé ebè kẹta yẹn tọ́ lóòótọ́."

Mi ò sùn dáadáa lọ́jọ́ náà, mi ò sì kọ nǹkan kan. Ní Ọjọ́bọ̀, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Lagbé. Ìyá Lagbé kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń bó ẹ̀gẹ́, ìka rẹ̀ ló fi ń ríran. Mo jókòó tì í, mo mú ọ̀bẹ, mo sì bi í ní ohun tí mi ò bi í rí.

"Ìyá, lọ́jọ́ tí ẹ dá mi padà sí Àjàṣẹ́, kí ló dé tí ẹ ò wẹ̀yìn?"

Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. "Ọjọ́ wo nìyẹn?"

"Ọjọ́ tí mo ní inú ń run mí."

"Hẹ̀n-ẹ́n." Ó ju ẹ̀gẹ́ sínú agbọ̀n, ó mú òmíràn. "Bí mo bá wẹ̀yìn, ṣebí mo máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn ni. Wàá wá máa bó ẹ̀gẹ́ níbí títí dòní." Ó fi ìka pa ẹ̀gẹ́ tí mo ti bó. "O ò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n bó dáadáa."

Gbogbo ohun tó sọ nìyẹn. Ogójì ọdún ó lé díẹ̀ ni mo fi dúró de gbólóhùn kan tí mi ò béèrè.

Dúró, mi ò ní fi sẹ̀tìfíkà ránṣẹ́ sí ọ.

Kà á lẹ́ẹ̀kan sí i kó lè yé ọ, nítorí mo mọ̀ pé ojú rẹ á fẹ́ fò ó. Mi ò ní fi í ránṣẹ́. Kì í ṣe nítorí àwọn tó ń pariwo ní rédíò pé kí ọ̀dọ́ kọ́ orílẹ̀-èdè. Wọn kò mọ̀ ọ́, orúkọ inú ìwé ni o jẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Kì í sì í ṣe pé ó dá mi lójú pé mo tọ̀nà. O mọ irú àdúrà mi, ìdajì rẹ̀ ìbéèrè ni, mi ò sì tíì rí ìdáhùn gbà lórí èyí. Ó lè jẹ́ pé mo pẹ́ jù. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó so okùn mọ́ èèyàn fún ọdún méjìlélógún kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ fún un lójijì pé, "Ó yá, rìn." Bí o bá bínú sí mi, bínú dáadáa. Má bi mí bóyá o lè bínú.

Bí ara rẹ kò bá yá ní tòótọ́, dókítà wà ní Kándì. Fi ẹsẹ̀ ara rẹ lọ bá a, kí o sì sọ òtítọ́ fún un. Bí o bá fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan nítorí pé o ti wò ó, o sì rí i pé kì í ṣe tìrẹ, wá sílé, ilẹ̀kùn kò tì. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ pé ìwọ lo pinnu rẹ̀, kó má jẹ́ àyà tí kò dùn ọ́.

Ní ti kànga: so òkúta kékeré mọ́ etí garawa lápá kan, kó lè fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tó bá kan omi. Má ju gbogbo okùn sílẹ̀, fi ẹsẹ̀ tẹ ìdí rẹ̀. Ní ti iná: má to igi rẹpẹtẹ, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú koríko gbígbẹ àti ẹ̀ka wẹ́wẹ́, kí o sì jẹ́ kí atẹ́gùn wọ abẹ́ rẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù: padà lọ bá àwọn obìnrin tó fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Na okùn sí wọn. Ẹni tó bá fi wá rẹ́rìn-ín ní kànga ti rí i pé a kò mọ̀ ọ́n ṣe, kò sí ohun tí a tún fẹ́ fi pamọ́ fún un. Ìyábọ̀ náà rẹ́rìn-ín kó tó yá ọ ní ọkọ́.

Lánàá, mo gbé ìwé aláwọ̀ búlúù náà jáde. Mo fi sẹ̀tìfíkà Màjọ̀ ṣáná sí igi, mo gbé omi kaná, mo sì di ìwé náà mú sórí ooru omi náà títí láfún fi rọ̀. Ojú ìwé mẹ́rìnlélógún ni. Mo là wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbà mí láti àárọ̀ di ọ̀sán. Àwọn kan ya. Aáyán fẹ́ràn láfún, ó sì ti jẹ ọ̀rọ̀ dànù níbi púpọ̀. Àwọn ni wọ́n wà nínú àpòòwé yìí. Kò sí ìwé mìíràn níbẹ̀, má wulẹ̀ gbọn ọ́n.

Kà á fúnra rẹ. O gbọ́ Faransé jù mí lọ báyìí. Bí o bá fẹ́, kà á fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ, kí àwọn náà sọ ọmọ náà ní orúkọ tó bá dẹ̀ wọ́n lẹ́nu.

Ojú ìwé tó kẹ́yìn ló bàjẹ́ jù. Ibi tí ọkọ̀ Àṣàkẹ́ ti ń bá odò lọ ṣì wà, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ sì dúró ní èbúté. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti sọ ohun tí obìnrin náà ṣe, bóyá ó juwọ́ ni o, bóyá ó yí ẹ̀yìn padà ni o, aáyán ti jẹ ẹ́, ihò ló kù níbẹ̀. Mo ti gbàgbé ohun tí wọ́n kọ. Mo mú bíìkì láti kọ nǹkan sí etí rẹ̀. Mo di bíìkì náà mú fún ìgbà díẹ̀.

Mo dé e padà. Bí ihò náà ṣe wà ni mo ṣe fi í ránṣẹ́.

Ìyá rẹ